Ìwé tàbí fóònù: èwo ló yẹ kí ẹ fi kó ọ̀rọ̀ òòjọ́ jọ?

Lọ́jọ́bọ̀ kan, mo jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, níbi tó ti ń ta àdìrẹ. Aago mẹ́wàá àárọ̀ kò tíì lù. Mo gba fóònù rẹ̀, mo ka iye àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp tó ti wọlé láti ìgbà tó jí: ó lé ní igba. Ti ẹgbẹ́ ọlọ́jà wà níbẹ̀, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti òbí àwọn ọmọ iléèwé, ti àwọn tí wọ́n jọ ṣe girama, ti ẹbí, ti àwọn onílé àdúgbò. Wọ́n ń kí ẹnì kan kú oríire ọjọ́ ìbí, wọ́n ń fi fídíò àdúrà ránṣẹ́, ẹnì kan sì ń polówó epo pupa. Nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni oníbàárà kan láti Ìbàdàn wà, tó ti kọ̀wé láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú pé: "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ di yáàdì mẹ́wàá. Aláró dúdú ni o. Sátidé là ń ṣe é."

Ẹ̀gbọ́n mi kò rí i rárá. Yáàdì márùn-ún tí wọ́n kọ́kọ́ jọ sọ ló fi ránṣẹ́. Obìnrin náà kò bínú sọ̀rọ̀, ó kàn dákẹ́. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn la tó mọ ohun tó pa á lẹ́nu mọ́.

"Àbí ojú mi ni kò ríran mọ́?" Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń bi mí.

Mo ní, "Rárá o, àǹtí mi. Ọ̀rọ̀ ló pọ̀ ju ojú lọ."

Ìlú wa yìí náà ni Ìwé Ìròyìn, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá, ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dún 1859, nígbà tí Henry Townsend, òyìnbó míṣọ́nnárì, ń tẹ̀ ẹ́ ní Aké. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń jáde títí tó fi dáwọ́ dúró lọ́dún 1867. Ẹni tó bá ka ẹ̀dà kan tán ní ọ̀sẹ̀ méjì láti rò ó, láti bá ará ilé jiyàn lé e lórí, kí òmíràn tó dé. Àwọn àgbà ní ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n. Ọ̀rọ̀ tiwa ń kún fóònù, ó sì ń bo ohun tó ṣe pàtàkì mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi irinṣẹ́ wé irinṣẹ́, fún ẹ̀gbọ́n mi àti fún ara mi: ìwé, kàlẹ́ńdà ògiri, káàdì tí a ń kọ èrò sí, Google Keep (áàpù tí a ń kọ nǹkan pa mọ́ sí), Google Calendar (kàlẹ́ńdà orí fóònù), àti WhatsApp tó fa gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo rí nìyí: kò sí èyí tó lè dá gbé gbogbo ẹrù náà. Ìwé ni kí ẹ fi kọ ohun tí ẹ máa ṣe. Fóònù ni kí ẹ fi pa ohun tí ẹ máa wá mọ́, òun náà ni kí ẹ fi ṣe ohun tó gbọ́dọ̀ dún létí yín. Èyí tó kù, ẹ tì í mọ́ta.

## Ohun tó ń wọlé kì í ṣe oríṣi kan

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ fi ọjọ́ kan ṣoṣo ya ohun tó ń wọlé sọ́tọ̀. Orí páálí bisikíìtì ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti ṣe tiwa. A pín in sí mẹ́ta. Èkíní ni iṣẹ́: ohun tí ẹnì kan ń retí pé kí ẹ ṣe, bóyá kí ẹ dá a lóhùn, kí ẹ sanwó, tàbí kí ẹ gbé ẹrù lọ sí gáréèjì. Èkejì ni ohun ìpamọ́: nọ́ńbà àkáǹtì, iye owó, àdírẹ́sì, ìwọ̀n aṣọ, ohun tí ẹ kò ní fi ṣe nǹkan lónìí àmọ́ tí ẹ máa wá lọ́jọ́ kan. Ẹ̀kẹta ni ariwo.

Nínú ohun tó lé ní igba yẹn, iṣẹ́ kò ju mẹ́sàn-án lọ. Mẹ́sàn-án péré! Ẹ̀gbọ́n mi wo páálí náà títí. Ohun tó ti ń rò láti ọdún yìí ni pé òun ti di ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ fún jù. Iṣẹ́ mẹ́sàn-án kò pọ̀ jù fún obìnrin tó ń bọ́ ilé. Wíwá mẹ́sàn-án náà láàárín igba ló ń pa á.

## Mímú ọ̀rọ̀ kó tó sá lọ

Níbí, ìwé ni mo yàn, mi ò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ wo aláró tó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú aró. Ojú fóònù kì í gbọ́ ìka inú ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ìka tó bá tutù dáadáa náà máa ń yọ̀ lórí rẹ̀, a tẹ ibí, á lọ sọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n báírò kò mọ̀ bóyá ọwọ́ tutù. Ẹ̀gbọ́n mi lu ihò sí igun ìwé nóòtù kan, ó fi okùn so báírò mọ́ ọn, ó sì fi ìṣó kọ́ ọ sára òpó, níbi tí ọwọ́ ti lè tó o láti ìdí ìkòkò. Èèpo ìwé náà ti di aró báyìí, àmì àtàǹpàkò wà níbi gbogbo lára rẹ̀. Àmọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣeé kà: "Sóódà ti ń tán." "Ìyá Kútọ̀, yáàdì 5, oníko, ó ti san ààbọ̀."

Ohun kejì tó jẹ́ kí n yan ìwé ni pé kò sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀. Ẹ ṣí fóònù láti kọ "ra sóódà", kí ẹ tó débi tí ẹ ti fẹ́ kọ ọ́, fídíò ti pàdé yín lọ́nà, ẹnì kan ti kí yín, àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì ti wọlé. Nígbà tí ẹ bá fi máa pa fóònù dé, sóódà ti lọ lọ́kàn yín. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ibi tí fóònù ti gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ìwé ni ojú ọ̀nà. Ẹni tó jókòó sínú máruwá láti Láfẹ́ńwá sí Ìtòkú kò lè kọ̀wé kó tún ṣeé kà. Kí ẹ tẹ máíkì, kí ẹ sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ ló dára. Kí ẹ kàn rántí pé ohùn rọrùn láti gbà sílẹ̀, kò rọrùn láti kó jáde: ẹ gbọ́dọ̀ jókòó gbọ́ ọ tán kí ẹ tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ohùn tí mo bá gbà lọ́nà, mo máa ń dà á sínú ìwé kí n tó jẹun alẹ́, mo sì máa ń pa á rẹ́.

## Ìgbà tí ẹ bá ń wá a

Fóònù ló borí, ó sì borí gan-an. Ẹ kọ "Ìbàdàn" sínú Google Keep, gbogbo ohun tí ẹ ti kọ nípa Ìbàdàn á yọ jáde ní ìṣẹ́jú àáyá. Keep, tí Google gbé jáde lọ́dún 2013, ọ̀fẹ́ ni. Ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí dátà bá tán, á sì kó ohun tí ẹ kọ lọ sókè nígbà tí dátà bá dé. Ẹ lè fi àwọ̀ ya wọn sọ́tọ̀: tiwa, àwọ̀ ewé fún iye owó, àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú fún àdírẹ́sì àwọn oníbàárà. Nọ́ńbà, ìwọ̀n, owó tí alágbàtà ń gbà láti gbé ẹrù lọ sí Èkó, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan péré ni mo ní: ẹ má fi screenshot ṣe ibi ìpamọ́. Gbogbo wa là ń ṣe é. A rí ohun tó wù wá, a yà á ní fọ́tò, a ní a ó padà sí i. Ìgbà tí mo ka tèmi, ó ju ẹgbẹ̀rin lọ, mi ò sì tíì padà sí ogún nínú wọn. Àwòrán tí kò ní orúkọ dà bí ẹrù tí a jù sínú àjà láì so nǹkan mọ́ ọn.

Ṣé ìwé kò wá ṣeé wá nǹkan nínú rẹ̀ ni? Ó ṣeé ṣe, tí ẹ bá múra sílẹ̀. Ryder Carroll ará Amẹ́ríkà ṣàlàyé ọ̀nà kan fáyé gbọ́ lọ́dún 2013: ẹ kọ nọ́ńbà sí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ojú ìwé méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún atọ́ka, kí ẹ máa kọ ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà síbẹ̀. Àmì róbótó kékeré kan ni iṣẹ́, ẹ sọ ọ́ di X tó bá parí, ẹ sọ ọ́ di orí ọfà tí ẹ bá sún un síwájú. Àwọn kan máa ń kun ìwé tiwọn bí aṣọ ọdún. Kò pọn dandan. Ìwé nóòtù ọmọ iléèwé àti báírò kan ti tó.

## Ohun tó gbọ́dọ̀ dún

Àwọn ìyá wa máa ń so kókó sí etí ìró tí wọn kò bá fẹ́ gbàgbé nǹkan. Kókó kan dára. Kókó mẹ́sàn-án ńkọ́? Èwo ni èwo?

Ìwé kì í pe ènìyàn. Ẹ lè kọ "aago méjì, dókítà" sínú rẹ̀ kí aago méjì kọjá lọ nígbà tí ìwé wà lórí ìṣó. Ibẹ̀ ni Google Calendar ti wúlò: ẹ fi ọjọ́ àti aago sí i, á dún ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, tàbí ọjọ́ kan ṣáájú, bí ẹ bá ṣe fẹ́.

Ẹni tó bá sì jẹ́ kí ohun gbogbo máa dún, láìpẹ́ kò ní gbọ́ ìkankan mọ́. Mo ti rí ara mi tí mò ń fi àtàǹpàkò gbá ìkìlọ̀ orí fóònù dànù láì kà á. Òfin tí mo wá ṣe fún ara mi ni pé ohun tó ní aago, tí ẹlòmíràn sì ń dúró dè mí nídìí rẹ̀, nìkan ló lè dún. Ìpàdé, ọkọ̀, oògùn ọmọ, ọjọ́ tí owó iléèwé gbọ́dọ̀ wọlé. "Ra sóódà" kò ní aago, inú ìwé ni yóò wà.

Kàlẹ́ńdà ògiri ńkọ́? Ẹ má fojú kéré rẹ̀. Nínú ilé tí ènìyàn mẹ́fà ń gbé, Google Calendar tèmi, èmi nìkan ló ń rí i. Èyí tí a gbà níbi ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó, tó ní àwòrán olóògbé tàbí ti ọkọ àti ìyàwó lókè, ara ògiri ni gbogbo ilé ti ń rí i: ọmọ tó ń lọ fọ ẹnu, bàbá tó ń wá kọ́kọ́rọ́, àlejò pàápàá. Tiwa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Báírò pupa ni a fi ń yí ọjọ́ ìdánwò ká, aláwọ̀ búlúù fún ayẹyẹ. Nínú gbogbo irinṣẹ́ tí mo fi wéra, òun ni ǹ bá tún yàn lẹ́ẹ̀kejì láì bi ẹnikẹ́ni.

## WhatsApp fúnra rẹ̀

Ibẹ̀ ni omi ti ń ya wọlé, ibẹ̀ náà la ti gbọ́dọ̀ dí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé irinṣẹ́ tó dára wà nínú rẹ̀, tí wọn kò ní san kọ́bọ̀ lé e lórí.

Ẹ pa ẹnu ẹgbẹ́ mọ́ (Mute) fún wákàtí mẹ́jọ, ọ̀sẹ̀ kan, tàbí títí láé. Ẹ kò fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀. Nílẹ̀ wa níbí, kí ènìyàn jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ ẹbí lè di ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa pe àgbà sí, nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ràn ọ̀nà yìí. Ẹ tún lè kó ẹgbẹ́ lọ sínú àká (Archive), kó má sí lójú àkọ́kọ́ mọ́. A kó ti ẹgbẹ́ girama ẹ̀gbọ́n mi síbẹ̀, ó ń kà á ní alẹ́ Ọjọ́ Àìkú.

Ẹ fi píìnì kan ènìyàn mẹ́ta mọ́ òkè. Ẹ fi ìràwọ̀ sí àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ máa padà sí. Ẹ lè kọ̀wé sí ara yín pẹ̀lú, láti ọdún 2022 ni WhatsApp ti fi àyè sílẹ̀ fún un. Ó dára fún ohun tí ẹ fẹ́ kó láti orí fóònù lọ sórí kọ̀ǹpútà. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ fún iṣẹ́, torí pé ìsàlẹ̀ ló ń lọ bí tuntun bá ti dé.

Fún ọlọ́jà, WhatsApp Business ni mo fara mọ́ jù lọ. Ọ̀fẹ́ ni òun náà. Ó ní ohun tí ẹ lè lẹ̀ mọ́ orúkọ oníbàárà, oníkálukú pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ọjà, ẹni tí kò tíì sanwó, ẹni tó ti san, ẹni tí ọjà rẹ̀ ti parí. Ẹ lè dá tiyín sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dá ọ̀kan sílẹ̀ tó pè ní "Ó wà nínú aró". Tó bá tẹ̀ ẹ́, àwọn tó ń dúró de aṣọ nìkan ló ń yọ, àdúrà àti epo pupa kò sí níbẹ̀. Ká ní ó ti ní i nígbà ti Ìbàdàn, yáàdì mẹ́wàá ni ì bá kó.

## Tí ohun búburú bá ṣẹlẹ̀

Ẹ̀rù méjèèjì ló yẹ kó ba wa. Ìwé ń tutù, ikán ń jẹ ẹ́, ọmọ ń fà á ya láti fi ṣe ọkọ̀ òfuurufú. Mo gbàgbé tèmi sínú máruwá nígbà kan ní Kútọ̀, oṣù mẹ́rin ló bá a lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ nọ́ńbà fóònù sí ẹ̀yìn èèpo. Fóònù ńkọ́? Iná lè má dé fún ọjọ́ méjì. Wọ́n lè jí i. Wọ́n ti jí tèmi rí. Nígbà tí mo ra òmíràn, tí mo wọlé sí àkáǹtì mi, ohun gbogbo tó wà nínú Keep padà wá bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Ọ̀rọ̀ WhatsApp tí mi ò tíì fi ẹ̀dà rẹ̀ pa mọ́ lọ pátápátá, títí kan ohùn ìyá mi tó ń kọ́ mi bí a ṣe ń se ẹ̀kọ tí a fi ń ya àwòrán sára àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí ibi ètò (Settings) WhatsApp lónìí, kí ẹ sọ fún un pé kó máa fi ẹ̀dà pa mọ́ lójoojúmọ́. Kí ẹ sì kọ páswọ́ọ̀dù àkáǹtì Google yín sínú ìwé kan tí kò ní kúrò nílé.

Ohun kan tún wà: ìwé tó wà lórí ìṣó, gbogbo ẹni tó bá wọlé ló lè kà á. Ẹ má kọ PIN káàdì báńkì sínú rẹ̀. Ẹ má sì kọ gbèsè ẹnikẹ́ni pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ kíkún.

## Ta ló ń yàn?

Akẹ́kọ̀ọ́ FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà nílùú wa, máa ń béèrè bóyá kóun fọwọ́ kọ ohun tí olùkọ́ ń sọ tàbí kóun tẹ̀ ẹ́. Pam Mueller àti Daniel Oppenheimer gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2014 tó fi hàn pé àwọn tó fọwọ́ kọ̀wé dáhùn ìbéèrè tó gba òye dáadáa ju àwọn tó tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà lọ, torí pé ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ máa ń da ọ̀rọ̀ olùkọ́ kọ lódindi láì rò ó. Àwọn tó tún un ṣe lẹ́yìn náà kò rí ìyàtọ̀ tó lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ràn tèmi: èyí tí ẹ bá yàn, ẹ má da á kọ, ẹ sọ ọ́ lọ́rọ̀ ara yín.

Ẹni tó ń kọ ìwé tàbí tó ń ṣe ìwádìí ọlọ́dún púpọ̀, ẹ wo káàdì. Niklas Luhmann, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Jámánì tó kú lọ́dún 1998, kó nǹkan bí 90,000 káàdì jọ, èrò kan lórí káàdì kan, wọ́n ń fi nọ́ńbà tọ́ka sí ara wọn. Àwọn áàpù bíi Obsidian ń ṣe irú rẹ̀ báyìí. Fún ọlọ́jà, kò tọ́ sí wàhálà rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ní Òkè-Mosàn, tí ìpàdé rẹ̀ ń yí padà lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, Calendar ni kó fi ṣe ìdí, kí ìwé kékeré kan wà nínú àpò. Àgbà tí ojú rẹ̀ ti ń rẹ̀, ìwé ńlá, báírò dúdú tó nípọn, kí ọmọ ilé kan máa bá a ṣètò ohun tó máa dún.

## Nígbà tí ìwé bá kún

Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo: iṣẹ́ kan kò gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé kó tún wà nínú Keep. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó yà sọ́tọ̀ lálẹ́, lẹ́yìn tó bá ti pa ṣọ́ọ̀bù dé. Ó ń ka WhatsApp láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, iṣẹ́ ń lọ sínú ìwé, ohun ìpamọ́ ń lọ sínú Keep, ohun tó ní aago ń lọ sínú Calendar. Lẹ́yìn náà ni yóò fa ìlà sábẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ìwé àkọ́kọ́ kún ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. A kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí sí èèpo rẹ̀, a fi pa mọ́ sínú àpótí aṣọ. Ká tó bẹ̀rẹ̀ tuntun, a wo iṣẹ́ tí kò tíì parí: mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Fífọwọ́ tún wọn kọ jẹ́ kí a mọ èyí tó ti kú. Ẹ̀gbọ́n mi ń ka wọn jáde, ó ń ní, "Èyí ti kọjá. Èyí, mi ò fẹ́ mọ́. Èyí, ọmọ mi ti ṣe é." Mọ́kànlá ló wọ ìwé tuntun. Ìlà kìíní lójú ìwé kìíní, ó kọ ọ́ gàdàgbà: "Pe obìnrin Ìbàdàn. Bẹ̀ ẹ́."